Ẹ Dojú Àwo Náà Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Àwo Tánganran Àtijọ́

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo àtijọ́ o. Mò ń rí i lórí Instagram, mò ń rí i nílé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, mo sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Àwo pẹrẹsẹ ńlá aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Àwo ọbẹ̀ tó ní ọmọrí ni wọ́n ń gbé sáàárín tábìlì láìbu ọbẹ̀ kankan sí i. Ẹni tó ń tà á á ní, "Antique ni o, ó ti lé ní igba ọdún." Ẹni tó ń rà á á wo òdòdó ara rẹ̀, ojú á wọ̀ ọ́, á sì sanwó.

Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ràn ohun tó rẹwà. Ṣùgbọ́n ojú àwo kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá yí àwo padà lè san owó ohun àtijọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Bó bá sì jẹ́ pé ti àtijọ́ ni lóòótọ́, ó tún lè lọ bu ọbẹ̀ sínú ohun tí kò yẹ kó bu ọbẹ̀ sí. Owó wà ńbẹ̀, ìlera náà wà ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀ jọ síbí.

Irú àwo wo là ń sọ?

Tánganran ni àwọn àgbà máa ń pe àwo òyìnbó tó bá ń dán. Amọ̀ ni gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí orù àti ìsaasùn tiwa náà ṣe jẹ́ amọ̀. Irú amọ̀ tí wọ́n lò, bí iná ṣe gbóná tó, àti ohun tí wọ́n fi para ló fi ìyàtọ̀ sí i.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni earthenware. Iná rẹ̀ kò le púpọ̀, nítorí náà inú amọ̀ rẹ̀ ṣì lè mu omi bí ìpara ara rẹ̀ bá sán. Stoneware ni èkejì: iná tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó le bí òkúta, omi kì í wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni porcelain, èyí tí àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá tan iná fóònù yín sẹ́yìn porcelain tó fẹ́lẹ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ náà láti iwájú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún earthenware, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ní ti dídán ara rẹ̀, àwọn ìyá amọ̀kòkò wa máa ń wọ́n omi tí wọ́n sè láti ara èèpo igbá sí ìkòkò lára nígbà tó bá ṣì gbóná. Ìyẹn máa ń jẹ́ kó dúdú, kó sì má jo púpọ̀. Ìpara dídán àwọn òyìnbó yàtọ̀ sí èyí. Ohun tó ń di dígí ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á ri àwo bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e padà sínú iléru. Iná á yọ́ ọ, á wá di dígí tẹ́ẹ́rẹ́ lára àwo. Kó lè tètè yọ́, wọ́n máa ń fi òjé sí i láyé àtijọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òjé yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ìlú amọ̀kòkò

Púpọ̀ nínú àwọn àwo aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí ni wọ́n ṣe ní agbègbè Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Stoke-on-Trent. Ìlú mẹ́fà ló para pọ̀ di Stoke-on-Trent lọ́dún 1910: Tunstall, Burslem, Hanley, Stoke, Fenton àti Longton. Amọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, èédú tí wọ́n ń dá iná iléru náà sì wà níbẹ̀. Ìgbà tí odò àtọwọ́dá Trent and Mersey parí lọ́dún 1777, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àwo wọn lọ sí èbúté, kò tún sí pé kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa fọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Orúkọ méjì ni kí ẹ mọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Josiah Wedgwood, tí wọ́n bí ní Burslem lọ́dún 1730. Ó tún àwo earthenware aláwọ̀ wàrà ṣe títí ó fi dára débi pé Ọbabìnrin Charlotte ra tirẹ̀ lọ́dún 1765. Ọ̀gá oníṣòwò ni Wedgwood: kíá ló sọ àwo náà ní Queen's Ware, ni gbogbo olówó bá fẹ́ ra ohun tí ọbabìnrin ń lò. Láàárín 1773 sí 1774, ó ṣe àwo 952 fún Catherine, ọbabìnrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gbogbo rẹ̀ ló sì ya àmì ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé sí, torí pé ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ sí ni wọ́n kọ́ ààfin tí wọ́n ń gbé àwo náà lọ sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Hermitage ní St Petersburg dòní.

Èkejì ni Josiah Spode. Ní nǹkan bí ọdún 1784, ó mú ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tẹ àwòrán búlúù sára àwo dára sí i. Wọ́n á fín àwòrán sára irin bàbà, wọ́n á fi àwọ̀ kóbọ́ọ̀tì kun ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá lẹ bébà náà mọ́ ara àwo. Bí wọ́n bá fọ bébà náà kúrò, àwòrán á dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi ìpara dídán bò ó. Kóbọ́ọ̀tì ni wọ́n lò torí pé ó wà lára àwọn àwọ̀ díẹ̀ tó lè fara da iná iléru nígbà yẹn. Látìgbà náà ni àwo alárà ti kúrò ní ti ọba nìkan, tí tíṣà àti oníṣòwò kékeré náà wá lè rà á.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni Willow: igi kan, afárá tí èèyàn mẹ́ta wà lórí rẹ̀, ọgbà, àti ẹyẹ méjì lókè. Ó dà bíi ti Ṣáínà, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tò ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1790. Ìtàn ìfẹ́ tí àwọn olùtà máa ń sọ mọ́ ọn, pé olólùfẹ́ méjì ló di ẹyẹ, lẹ́yìn tí àwo ti wà nílẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì hun ún. Àìlóǹkà ilé iṣẹ́ ló ti ṣe Willow, títí dé Japan, wọ́n sì ṣì ń ṣe é. Nítorí náà, kí àwo jẹ́ Willow kò sọ ọ́ di àgbà.

Àwo orí tábìlì olówó

Àwo ìgbóúnjẹ kalẹ̀ ni àwọn tó ń kó àwo jọ fẹ́ràn jù, torí òun ló tóbi, òun ni àwòrán gbòòrò sí lára. Oríṣiríṣi ló wà:

• Àwo pẹrẹsẹ tó gùn, tí wọ́n ń gbé odidi ẹran lé. Òmíràn ní ipa tí wọ́n gbẹ́ sínú bí ẹ̀ka igi, kí omi ẹran lè ṣàn lọ sínú kòtò kan ní igun rẹ̀.

• Àwo ọbẹ̀ tó ní ọmọrí. Bó ṣe yẹ kó pé ni kó ní ọmọrí, àwo tó jókòó lé, àti ṣíbí ìbubẹ̀ tirẹ̀. Ṣíbí ló máa ń kọ́kọ́ fọ́, ọmọrí á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí èyí tó bá pé fi máa ń wọ́n.

• Majolica, àwo aláwọ̀ mèremère. Ilé iṣẹ́ Minton ló gbé e jáde níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1851. Ẹ ó rí àwo ẹran ìgbẹ́ tí ehoro àti pẹ́pẹ́yẹ sùn sórí ọmọrí rẹ̀ bí ẹni pé ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí ẹ̀yìn àwo ń sọ

Ó ti yá wàyí, ẹ dojú àwo délẹ̀. Ẹ lo kámẹ́rà fóònù yín láti sún òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.

• Bí ẹ bá rí "England": láti 1891 síwájú ni. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1890, tí wọ́n fi orúkọ McKinley pè, ló ní kí ọjà tó bá wọlé máa ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá.

• "Made in England": láti ọ̀rúndún ogún síwájú ni lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá ayé ìyá àgbà yín.

• Àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀: wọ́n forúkọ àpẹẹrẹ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láàárín 1842 sí 1883. Ọjọ́ gan-an tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣeé kà nínú rẹ̀.

• "Rd No" àti nọ́ńbà: láti 1884 síwájú. Bí nọ́ńbà ṣe pọ̀ sí i ni àwo ṣe kéré sí i lọ́jọ́ orí.

• Ọdún tí wọ́n kọ sínú òǹtẹ̀, bíi 1770: ọdún tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe àwo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùtà ti ń já èèyàn jẹ.

• "Wedgewood", tí lẹ́tà "e" wà láàárín: kì í ṣe ti Josiah. WEDGWOOD ni tirẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ wọnú amọ̀. "Wedgwood & Co" náà, ilé iṣẹ́ mìíràn ni.

• "Dishwasher safe": ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ gbé e padà. Ta ló ní ẹ̀rọ ìfọwo láyé Ọbabìnrin Victoria?

Ọ̀pọ̀ àwo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 1800 kò ní òǹtẹ̀ rárá. Ìyẹn kò sọ pé ayédèrú ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àti ojú ni ẹ ó lò.

Ẹ wá ojú àpá kéékèèké mẹ́ta tó sún mọ́ra lábẹ́ àwo: ibi tó ti fẹsẹ̀ lé nǹkan nínú iléru ni. Ẹ fọwọ́ pa ìdí rẹ̀. Ìdí àwo tó ti ń jókòó sórí tábìlì láti ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń jẹ, ìdọ̀tí á sì ti wọ ibi tó jẹ. Lórí rẹ̀, ojú ọ̀bẹ máa ń kọjá síbí sọ́hùn-ún láìlétò. Bí ojú ọ̀bẹ bá dọ́gba jù, ẹ fura. Ẹ wo etí àwo, níbi tí òdòdó yí i ká: bí bébà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ibì kan á wà tí òdòdó kò ti pàdé dáadáa. Àléébù tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwo sórí ìka, kí ẹ fi èékánná ta á jẹ́jẹ́. Bó bá dún gooro, ara rẹ̀ le. Bó bá dún pòpò, ó ti sán níbì kan. Ibi tí wọ́n fi ọ̀dà òde òní bò máa ń rọ̀ lọ́wọ́ ju ibi tó kù lọ, kì í sì í tutù bí tánganran. Ẹ tún lè rí àwo tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ẹ má kàn jù ú nù. Kí gúlù tó dára tó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tún àwo ṣe, bí àwọn tiwa náà ṣe ń gán igbá tó bá fọ́. Ó máa ń dín owó rẹ̀ kù, àmọ́ ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣé a lè jẹun nínú rẹ̀?

Èsì mi ni pé: rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ pé òjé wà nínú ìpara àtijọ́. Májèlé ni òjé. Ó ṣe àwọn òṣìṣẹ́ Staffordshire tí ọwọ́ wọn ń wọ inú ìpara náà lójoojúmọ́ léṣe gan-an. Nílẹ̀ wa níbí, a kò tíì gbàgbé Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú òkúta góòlù ti pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Mi ò sọ pé àwo kan á ṣe bíi ti Zamfara o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àjọ WHO ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pani lára, àti pé ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù.

Ohun tó máa ń yọ òjé kúrò lára àwo ni oúnjẹ tó kan àti oúnjẹ tó gbóná. Ẹ wá rò ó wò: kí ló kan, tó tún ń gbóná, ju ọbẹ̀ ata tó kún fún tòmátò lọ? Ọbẹ̀ tiwa gan-an ni kò yẹ kó wọ inú àwo yẹn. Bí ara àwo bá ti sán wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, ọ̀rọ̀ burú sí i, torí oúnjẹ á máa wọ inú amọ̀, ìdọ̀tí á sì jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé e kọ́, tàbí kí ẹ to ọsàn tí ẹ kò tíì bó sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jẹun nínú àwo búlúù dandan, ẹ ra tuntun. Blue Italian ti Spode, tó ti wà láti 1816, wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí fún oúnjẹ jíjẹ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò nira. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ ìfọwo tàbí máíkíróweefù. Ẹ má fi bílíìsì fọ̀ ọ́, torí ó lè wọ ibi tó sán kó sì ṣí ìpara kúrò. Bí ẹ bá ń to ó léra, ẹ fi aṣọ sáàárín wọn.

Àwo ọbẹ̀ tó di ilé òrìṣà

Ibi tí ìtàn àwo yìí ti kan àwa ọmọ Yorùbá jù ni Kúbà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, gbé òrìṣà wọn dání nínú ọkàn. Igbá àti ìkòkò amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti fi tọ́jú òkúta òrìṣà. Nígbà tó yá, àwo ọbẹ̀ olómọrí tó ń ti Yúróòpù wá, tí wọ́n ń rí lórí tábìlì àwọn olówó, di ohun tí wọ́n ń lò. Sopera ni wọ́n ń pè é ní èdè Spáníṣì.

Àwọ̀ àwo ló ń sọ ẹni tó ni ín: búlúù àti funfun fún Yemọja, pupa rúsúrúsú bíi oyin fún Ọ̀ṣun, funfun báláú fún Ọbàtálá. Ṣàngó kì í gbé inú tánganran, ọpọ́n igi ni tirẹ̀. Ìkòkò irin sì ni ti Ògún. Ohun tí òyìnbó ṣe fún ọbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú sọ ọ́ di ààfin. Bí ẹ bá dé ilé ẹnikẹ́ni ní Havana tàbí Miami, tí ẹ rí àwo ọbẹ̀ tó dára lórí pẹpẹ, ẹ má ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ má sì bèèrè iye tó máa tà á.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ yọ náírà ogún kan jáde, kí ẹ yí i padà. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó yẹn ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali. Michael Cardew, amọ̀kòkò Gẹ̀ẹ́sì, ló dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí, lọ́dún 1952. Ladi Kwali dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1954. Ó ti mọ iṣẹ́ ìkòkò láti ilé kó tó dé ibẹ̀. Ohun tó kọ́ ni ìpara dídán àti iná stoneware. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn òyìnbó sì rà á.

Àwọn àwo Abuja yẹn, àti ìgò, àti ìkòkò ọbẹ̀ wọn, wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ń wá ní gbàǹjo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ladi Kwali papò dà lọ́dún 1984, kò sì ní ṣe òmíràn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá àgbà kan tó ṣiṣẹ́ ìjọba láyé ọjọ́un, kí àwọn ọmọ ilé máa kó kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wò ó. Òǹtẹ̀ Ladi Kwali ni lẹ́tà LK tí wọ́n tẹ̀ wọnú amọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo: ilé iṣẹ́ kan, àpẹẹrẹ kan, tàbí irú àwo kan. Ẹni tó bá ń ra gbogbo ohun tó rí á ní ẹrù nílé, kò ní ní àkójọ. Ẹ ra èyí tó dára díẹ̀ dípò èyí tó fọ́ púpọ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́, iye àti ibi tí ẹ ti rà á sílẹ̀, kí ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ má rà á pẹ̀lú èrò pé ó máa sọ yín dolówó. Àwo Willow tó wọ́pọ̀ kì í tà ní owó ńlá, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Bí olùtà kan lórí ayélujára bá sì kọ̀ láti fi fọ́tò ẹ̀yìn àwo ránṣẹ́, ẹ dákẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má sanwó. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ kì í fi ìdí rẹ̀ pamọ́.